Ọkọ̀ Alájì Tó Ń Kúnlẹ̀

Ẹ̀gbọ́n! Ẹ gbé àpò yẹn sílẹ̀, ẹ jókòó ná, ilé yín ò ní sá lọ. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà yìí nígbà tí ẹ wà ní Ìgbò-Ọrà, ẹnu mi ni kí ẹ ti gbọ́ ọ. Bí ẹ bá lọ gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá Ìbejì, yóò ti fi iyọ̀ sí i. Èmi kì í fi iyọ̀ sọ́rọ̀. Ata nìkan ni mo máa ń fi sí i.

Ọ̀rọ̀ Mercedes Alájì ni. Ẹ rántí ọjọ́ tó gbé e wọlé, àbí? Dúdú, ó gùn gbọọrọ, S-Class, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní W220, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Jámánì ní 1998. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ara rẹ̀ wojú we gèlè. Gbogbo wa la jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ náà. Ìyáálé wọ léèsì, ó jókòó síwájú, ó ń juwọ́ sí wa látinú ọkọ̀ tí kò tíì kúrò lójú kan. Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì, ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó ń fọ ìkòkò. Kò sẹ́ni tó pè é pé kó wá jókòó nínú ẹ̀ kó tọ́ ọ wò. Ẹ fi ìyẹn sápò ná.

Ẹ sì mọ Alájì. Ọ̀dà funfun tó fi ń sàmì sí àpò ìrẹsì ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e wálé lọ́jọ́ kejì, ó ní àwọn mẹkáníìkì ń pààrọ̀ nǹkan tó dáa mọ́ olówó lọ́wọ́. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó sàmì sí bátìrì, ó sàmì sí gbogbo ohun tí ọwọ́ ẹ̀ tó. Nígbà tó yá, ó tẹ́ ẹní, ó dùbúlẹ̀, ó nawọ́ wọ abẹ́ bọ́ńpà iwájú, ó fi búrọ́ọ̀ṣì kan ohun tó wà níbẹ̀. Jalabíà ẹ̀ gba ọ̀dà ju ọkọ̀ lọ. A rẹ́rìn-ín títí. A ò mọ̀ pé ọ̀dà yẹn máa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ọkọ̀ náà dùn ún wọ̀, n ò lè parọ́. Ó gbé mi dé Bódìjà nígbà kan, mo gbé abọ́ ẹ̀fọ́ lé itan, a já sí kòtò ńlá kan ní Ìwó Road, ẹ̀fọ́ ò mì. Ìdí ẹ̀ ni pé kò sí sípíríǹgì onírin lábẹ́ ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró, ẹ̀gbọ́n, afẹ́fẹ́ lásán! Igun kọ̀ọ̀kan ló ní àpò rọ́bà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ kún. Àpò yẹn àti ṣọ́ọ̀kì, ara kan náà ni wọ́n, bí ẹ bá yọ ọ̀kan, ẹ ti yọ èkejì nìyẹn, òun ni wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀kì aláfẹ́fẹ́. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn bọ́ńpà iwájú, òun ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ náà. Àpótí fáàfù ló ń pín in fún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sẹ́ńsọ̀ wà nísàlẹ̀ tó ń ṣọ́ bí ọkọ̀ ṣe ga sí. Bí Alájì bá di àpò ìrẹsì sẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ lọ sílẹ̀, sẹ́ńsọ̀ á fẹjọ́ sùn, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ á fẹ́ sí i, ọkọ̀ á padà sí bó ṣe wà. Afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ju bíi 35 psi lọ. Ti inú àpò yìí lè ju 100 lọ. Ta ló kọ́ mi? Ọmọ Ìyá Alákàrà ni, èyí obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. A ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Ní àárọ̀ kan báyìí nínú ọyẹ́, Alájì ń lọ kírun àsùbáà, ó bá iwájú ọkọ̀ tó ti lọ sílẹ̀ gọngọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ara ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo orí táyà. Ó pariwo. Gbogbo wa jáde. Ó sítáàtì ọkọ̀, iná pupa yọ níwájú ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, kó má ṣe gbé e rìn. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn kan lábẹ́ bọ́ńpà, hùùùùn, ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dúró. Àwọn ọmọdé pàtẹ́wọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún ti kúnlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ irú ọgbà tí à ń gbé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, wọ́n ti rí ẹlẹ́bi. Ìyáálé ní ẹni tí inú ẹ̀ ò dùn sí ọkọ̀ yẹn kò jìnnà. Ìyá Ìbejì, ẹni tí ẹnìkan ò pè, ní òun rí Ìyá Kékeré tó ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lálẹ́. Omi ìfọkòkò ni! Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni gọ́tà wà, ibo ló fẹ́ dà á sí, sínú yàrá? Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, àlàyé ò ní ràn án. Wọ́n pe àlùfáà kan, ó ka nǹkan, ó gba owó. Ọkọ̀ tún kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo sì rò pé ó kúnlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bóyá ó fẹ́ ṣàmín.

Ọyẹ́ dá kún un lóòótọ́. Òtútù a máa mú kí rọ́bà gan, afẹ́fẹ́ tó bá tutù a sì máa sún kì. Ohun tó ń jò pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ lọ́sàn-án tí ẹnìkan ò rí, òru ọyẹ́ á tú àṣírí ẹ̀. Ọkọ̀ yẹn ti ń jò tipẹ́, kò kàn tíì pariwo ni.

Ohun tó ń pariwo ni kọ̀ńpírẹ́sọ̀, òun ni wọ́n sì mú. Àràárọ̀ ló ń ké hùùùùn lábẹ́ fèrèsé Ìyá Ìbejì. Ìyẹn á jí, á bú Alájì láti orí bẹ́ẹ̀dì, á jí àwọn ìbejì, á wẹ̀ fún wọn. Alájì gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì ẹ̀, n ò ní dárúkọ, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tó máa ń fi sípánà yọ eyín jẹ. Ọkùnrin yẹn ò gbé jáàkì, kò wo abẹ́ ọkọ̀. Ó tẹ́tí, ó gbọ́ hùùùùn, ó ní, "Alájì, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ yín ti kú." Èwo ni òkú tó ń kọrin? Ṣùgbọ́n Alájì gbà. Wọ́n lọ sí ọjà Àràròmí ní Gate, wọ́n ra tòkunbọ̀ mìíràn, wọ́n fi sí i. Mẹkáníìkì ní kí Alájì má da ara ẹ̀ láàmú gbé ti àtijọ́ dání, pé pàǹtí ni, òun á bá a jù ú nù.

Ọkọ̀ dìde. Wọ́n jẹ súyà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti kúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ n yà bàrá díẹ̀, nítorí ọjọ́ súyà yẹn náà ni Bàbá Tíṣà sọ ìtàn kan. Ẹ mọ̀ pé bàbá yẹn ò ní ọkọ̀ rí, kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò sí ìwé ìròyìn ọkọ̀ tí kò kà. Ó ní àìsàn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1957, ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà ṣe ọkọ̀ kan, Eldorado Brougham, orí ẹ̀ jẹ́ irin tí kì í jẹpata, owó ẹ̀ ju 13,000 dọ́là lọ láyé ìgbà yẹn, àpò afẹ́fẹ́ ló sì gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹ̀. Ó ń jò. Olówó Amẹ́ríkà á sùn, á jí, á bá ọkọ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yọ gbogbo ẹ̀ dànù, wọ́n fi sípíríǹgì onírin sí i. Mercedes náà bẹ̀rẹ̀ ti tiwọn ní 1961 pẹ̀lú 300 SE, nígbà tó di 1963 wọ́n gbé 600 jáde, ọkọ̀ àwọn olórí ìjọba, Elvis Presley olórin náà ní ọ̀kan. Ìyáálé bi í pé ta ló dá ọwọ́ sí ti Elvis. Bàbá Tíṣà ní rọ́bà ni. Ìyáálé ò dá a lóhùn mọ́, ó kó àwo súyà.

Níbo ni mo dé? Ẹ̀ẹ́n, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kejì. Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ṣe ẹ̀rọ yẹn fún iṣẹ́ àṣekúdórógbó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló yẹ kó fi ṣiṣẹ́ kó sinmi. Nígbà tí àpò bá ń jò, ó ń fẹ́, afẹ́fẹ́ ń jáde, ó tún ń fẹ́, ara ẹ̀ á gbóná. Òógùn afẹ́fẹ́ á kún inú ibi tó ń gbẹ omi lára afẹ́fẹ́, omi á bọ́ sínú fáàfù. Rílèè tó ń tan iná sí i náà á gbóná, títí ẹnu ẹ̀ á fi lẹ̀ pọ̀ tí kò ní lè tú mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Lóru ọjọ́ Àlàmísì kan, Alájì ti pa ọkọ̀, ó ti kó kọ́kọ́rọ́ wọlé, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ń ké lọ ní tiẹ̀. Hùùùùn títí bátìrì fi kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òórùn ìjóná gba ojúlé. Ìyá Ìbejì ní òun sọ bẹ́ẹ̀, pé àǹjọ̀nú ló wà nínú ẹ̀, torí ọkọ̀ wo ló ń sọ̀rọ̀ láìsí kọ́kọ́rọ́? Ìyáálé kó ẹrù Ìyá Kékeré síta. Ẹrù, ẹ̀gbọ́n! Pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Èmi ni mo kó wọn sínú yàrá mi, wọ́n sùn sórí ẹní mi.

Mẹkáníìkì dé, ó ní kí wọ́n lọ ra kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kẹta.

Ibẹ̀ ni ọmọ Ìyá Alákàrà ti dá sí i. Ó wá gbé àwo ìyá ẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ mi, ọwọ́ ẹ̀ kún fún gíríìsì. Ó kúnlẹ̀ kí Alájì, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ ò tíì mọ ohun tó ń jò, ẹ ti ń ra ohun tó ń fẹ́." Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ó ní kó lọ ran ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ nídìí epo. Alájì wo mẹkáníìkì, ó wo owó ọwọ́ ẹ̀, ó ní kí ọmọ náà máa sọ̀rọ̀.

Ohun tí ọmọ yẹn kọ́kọ́ ṣe ò ná wọn ní kọ́bọ̀. Fúúsì àti rílèè ló kọ́kọ́ wò. Ó ní bí ẹ ò bá gbọ́ ohùn kọ̀ńpírẹ́sọ̀ rárá, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí rílèè ò wọ́n, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ wọ́n. Rílèè ti yọ́. Ẹ̀rọ náà sì ti jóná ní tòótọ́, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ó yá kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kan wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ fi gbé ọkọ̀ dìde, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kí ló dé? Ẹ wo ọgbà wa yìí, ẹ̀gbọ́n, orí òkè là ń gbé, ọsàn tó bá bọ́ lẹ́nu ọ̀nà mi, ẹnu ọ̀nà yín ló ń bá a. Láti ìgbà yìí ni gbogbo wa ti ń wí pé apá òsì ló ń kúnlẹ̀, mẹkáníìkì náà ti ní kí Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ṣọ́ọ̀kì òsì jọ. Ilẹ̀ ló dà sósì!

Ó yá téèpù ìránṣọ lọ́wọ́ mi. Ó wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láti àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé etí irin tó bo táyà, ó fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú igun kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fara tì í títí di àárọ̀. Èmi gbé àga, mo ṣọ́ ọ títí oorun fi gbé mi. Àárọ̀, ó tún wọ̀n ọ́n. Mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bí wọ́n ṣe wà. Iwájú lápá ọ̀tún ti lọ sílẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ. Ó ní bí ó bá jẹ́ igun kan ló lọ sílẹ̀, àpò igun yẹn tàbí ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Bí iwájú bá lọ sílẹ̀ lápá méjèèjì pọ̀, ẹ wo àpótí fáàfù àti àwọn páìpù. Bí kò bá sí èyí tó ń lọ sílẹ̀ lóru, àmọ́ tí ọkọ̀ ń pẹ́ kó tó dìde láàárọ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá máa bá kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ṣẹjọ́. Alájì ní, "Ìgbà yẹn?" Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Alájì wojú mẹkáníìkì. Ìyẹn ń wo ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní òun fẹ́ omi ọṣẹ. Mo lọ mú ìgò tí onídìrí ìta máa ń fi fín omi sírun, mo da ọṣẹ abọ́ sí i. Wọ́n fi jáàkì gbé iwájú, ó fi irin ìdúró ti ọkọ̀ nísàlẹ̀, kó tó wọ abẹ́ ẹ̀ rárá. Ọmọ Alájì kan ti nà gbọọrọ, ó fẹ́ ra wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wòran, àfi gbàá! Ìgbátí tí ọmọbìnrin yẹn fún un, mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró. Alájì fẹ́ bínú. Ó ní, "Bàbá, afẹ́fẹ́ ló gbé ọkọ̀ yìí. Bí ó bá jáde lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí orí ọmọ yín wà níbẹ̀ ńkọ́?" Alájì fún ọmọ ẹ̀ ní ìgbátí kejì.

Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ títí dé òpin, kí ẹsẹ̀ lè ṣí sílẹ̀. Ó fín ọṣẹ sórí ṣọ́ọ̀kì níbi tí páìpù ti wọlé, kò sí nǹkan. Ó fín in sára àpótí fáàfù, kò sí nǹkan. Ó wá ká rọ́bà ìbora tó ń dá eruku dúró kúrò, ó fín in sí ibi tí àpò ti ká lura wọn. Ẹ̀gbọ́n, mo rí i! Ìfófòó yọ, kéékèèkéé, funfun, ó ń pọ̀ sí i, ó to lọ yí ibi ìká náà po. Bí aṣọ òfì tó ti pẹ́ nínú àpótí ló rí, ojú ìká ni ó ti máa ń já, aṣọ tó kù á dá ṣáká. Àpò yẹn ń ká, ó ń tú, ní gbogbo kòtò tí Alájì ti já sí, àti gbogbo èyí tí Òyìnbó ti já sí kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Kò dún rárá. Bí kì í bá ṣe ọṣẹ mi, a ò ní mọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Mẹkáníìkì ò tíì lọ o, ó ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ta tòkunbọ̀ ṣọ́ọ̀kì ní Gate, owó pọ́ọ́kú. Wọ́n lọ, ọmọ náà bá wọn lọ. Ó wá ibi tí wọ́n tẹ ọjọ́ orí rọ́bà sí lára, ó rí i, ó fi han Alájì: rọ́bà yẹn kò kéré sí ti ọkọ̀ ní ọjọ́ kan. Ẹni tó ń tà á ní kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n fi mọ̀ pé ó dáa. Ọmọ náà bẹ́ sẹ́yìn, ó ní irú ẹ̀ tí kò sí lábẹ́ ọkọ̀, tí kò sí ohun tó dì í mú, ó lè bẹ́ mọ́ èèyàn lójú. Èmi, mo fara mọ́ ọn. Kí lẹ fẹ́ fi rọ́bà arúgbó ṣe nígbà tí rọ́bà arúgbó ló kó bá yín? Irin ṣọ́ọ̀kì lè dán gbinrin, irin kọ́ ló ń jò.

Bàbá Tíṣà dá tiẹ̀, ó ní kí Alájì ṣe bí àwọn oní-Cadillac, kó fi sípíríǹgì onírin sí i, kó sùn. Mi ò ní fi í ṣẹlẹ́yà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ṣe é, ọ̀nà tiwa yìí ò ṣàánú fún rọ́bà. Àmọ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ṣe igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó wá ẹni tó máa bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iná pupa yẹn á máa wo ojú ẹ̀ títí ayé. Ẹ̀fọ́ mi náà ò sì ní jókòó lórí itan mọ́. Ìyáálé ní òun kò ní jókòó nínú Mercedes tó ń ta bí mọ́lúè. Ó parí.

Alájì ra tuntun méjì, ọ̀tún àti òsì, torí ọjọ́ kan náà ni wọ́n jọ dáyé, èyí tó kù náà ń bọ̀ lọ́nà. Ó ra kọ̀ńpírẹ́sọ̀, ó ra rílèè. N ò ní sọ iye tó jẹ́, ó bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé àgbò iléyá ọdún yìí máa kéré.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣe é, ọ̀gá ọmọ náà sì wá dúró tì í. Wọ́n yọ rílèè kí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ má baà tanná lójijì. Wọ́n gbé iwájú, wọ́n fi irin ti ọkọ̀ lábẹ́, wọ́n tú ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì idẹ kékeré tó di páìpù afẹ́fẹ́ mú lórí ṣọ́ọ̀kì, díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró, ó ń tú, ṣììììì, títí gbogbo ẹ̀ fi jáde tán. Ó já wáyà tó wà níbẹ̀. Ó tú bóòtì tó di ìdí ṣọ́ọ̀kì mọ́ apá ìsàlẹ̀, ó já orí apá òkè sílẹ̀, ó fi okùn so ibi tí búréèkì wà mọ́ òkè kó má baà fi ọ̀nà epo búréèkì rọ̀. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ló tú gbẹ̀yìn. Ṣọ́ọ̀kì jáde. Ó fún rọ́bà ẹ̀, ó fi hàn wá: ọ̀rọ̀ ti tán, ó ti ya pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ yíká. Ìyáálé yẹ ojú.

Nígbà tó ń fi tuntun sí i, kò lo nọ́ọ̀tì idẹ àtijọ́, ó ní èyí tó bá ti fún páìpù lọ́rùn rí kì í mọ̀ ọ́n fún dáadáa mọ́, ibẹ̀ ló sábà máa ń jò lẹ́yìn iṣẹ́ tuntun. Kò jẹ́ kí àpò yí po. Bóòtì ìsàlẹ̀, ó kàn fi ọwọ́ mú un díẹ̀, ó ní ó di ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀ kí òun tó fún un pa, kí rọ́bà inú ẹ̀ má baà lọ́.

Ìjà wá dé. Alájì ní ìgbéyàwó kan láti lọ ní Mòniyà, aṣọ ẹbí ti wà lọ́rùn ẹ̀, fìlà ti wà lórí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ jáàkì kalẹ̀, ká lọ." Ọmọ náà ní rárá. Ó ní afẹ́fẹ́ kò tíì sí nínú àpò tuntun. Bí ìwúwo ọkọ̀ bá sọ̀kalẹ̀ lé e lófìfo, ìká rẹ̀ á fún mọ́ra gbòdì, owó Alájì á fọ́ kó tó dé Mòniyà. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀ sílẹ̀, kí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ kún ná. Alájì ní òun ló ni ọkọ̀. Ọmọ náà yọ ọwọ́ jáàkì, ó lọ jókòó lé e lórí. Alájì pariwo. Ìyá Alákàrà sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí epo lọ́wọ́, ó ní ta ló ń pariwo mọ́ ọmọ òun. Ìyá Kékeré ló bá wọn parí ẹ̀, kò sọ ju gbólóhùn kan lọ: "Bàbá Múṣínì, wọ́n ti ní kí ẹ dúró fún wọn ni." Alájì jókòó, ó ṣí bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀.

Wọ́n fi rílèè tuntun sí i, wọ́n sítáàtì. Hùùùùn. Ó fẹ́, a ń wo àpò tó ń kún, ìká ẹ̀ ń ṣí dọ́gba. Ó tún fín ọṣẹ sí gbogbo ẹnu ibi tó tú, kò sí ìfófòó kankan. Ìgbà yẹn ló tó sọ jáàkì kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fún bóòtì ìsàlẹ̀ pa, wọ́n fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wo ọkọ̀, wọ́n tún gíga ẹ̀ ṣe, wọ́n pa iná pupa. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ké díẹ̀, ó dákẹ́. Alájì dé Mòniyà nígbà tí wọ́n ti ń kó àga.

Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ kò kúnlẹ̀ mọ́. Ìyá Ìbejì ti wá di apẹ́-sùn, kò sí ohun tó ń jí i mọ́, àwọn ìbejì ń pẹ́ dé ilé ìwé, ó ní Alájì ló jẹ òun ní aago. Ẹ rí ìgboyà obìnrin yẹn? Ìyá Kékeré ti padà sí yàrá ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹnìkan ò tíì ṣí láti bẹ̀ ẹ́. Ìyáálé fi léèsì kan ránṣẹ́ sí i, kò sọ ohun tó wà fún. Ìyá Kékeré ò rán an, ó fi bo àga.

Ṣùgbọ́n òní gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró. Ọ̀gá ọmọ Ìyá Alákàrà rán an ní iṣẹ́ sí ọ̀nà Agodi láàárọ̀ yìí, pé kó lọ bá oníbàárà kan wo S-Class ẹ̀ tó ń dún. Ó tú abẹ́ bọ́ńpà, kí ló rí? Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ara ẹ̀ le koko, ọ̀dà funfun sì wà lára ẹ̀, ó gbòòrò bí Alájì ṣe máa ń fà á sára àpò ìrẹsì. Ó bi oníbàárà náà níbi tó ti rà á. Ó ní mẹkáníìkì kan ló bá òun wá a, tó ní àbọ́dé tuntun ni, owó gidi. Ọmọ náà fi fóònù ya á, ó mú un wálé.

Alájì ò tíì jẹun láti ìgbà náà. Ó ti fìlà mọ́rí, ó ti gbé agolo ọ̀dà dání, ó ní òun fẹ́ lọ fi ẹ̀rí hàn. Ẹ ò gbọ́ ohùn yẹn níwájú ìta? Mẹkáníìkì ló ń bọ̀, kò mọ nǹkan kan, ìyókù owó iṣẹ́ ẹ̀ ló wá gbà. Ẹ gbé àpò yín wọlé kíá, kí ẹ máa bọ̀. Ìyá Ìbejì ti gbé àga jáde, yóò sì gba ibi tó dáa.